Ifẹ̀ sí Salvador: ibi tó súnmọ́ tí èèyàn ò lè tètè dé

Ẹ jẹ́ n bi yín ní nǹkan kan kẹ́ ẹ tó kà á lọ, ẹ má sì ṣí Google o. Tẹ́ ẹ bá dúró sí Lagos, èwo ló jìnnà sí yín jù, ṣé London ni àbí Salvador, olú ìlú Bahia lórílẹ̀-èdè Brazil? Gbogbo ẹni tí mo bi n'Ífẹ̀ níbí, láti Lágéèrè dé Mayfair, ló ní Salvador ni. Ọkùnrin kan tó ń tún fóònù ṣe tiẹ̀ wò mí bíi pé orí mi ti ń yí, ó ní "Brazil kẹ̀, ibẹ̀ ò ti fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ ìparí ayé?" Mi ò bá a jà. London, a mọ̀ ọ́n, Peckham ti di àdúgbò wa, kò sí agbo ilé tí ò ní bọ̀dá tàbí àǹtí kan níbẹ̀ tó máa ń pè lọ́jọ́ Sunday, Brazil ní tiẹ̀, bọ́ọ̀lù la fi mọ̀ ọ́n.

Ó dáa. Láti pápákọ̀ òfúrufú Ìkẹjà sí Heathrow, ká ní bàálù fò tààrà láìyà síbì kankan, bíi 5,000 kìlómítà ni. Láti Ìkẹjà kan náà sí pápákọ̀ Salvador, bíi 5,085. Ìyàtọ̀ tó wà láàrín méjèèjì ò tó ọgọ́rùn-ún kìlómítà, Ifẹ̀ sí Ìbàdàn lẹ rí yẹn. Tẹ́ ẹ bá ní Ifẹ̀ níbí lẹ fẹ́ kà á láti, ẹ lọ sí bíi 5,250.

Àmọ́ ẹ wá wo wákàtí. London, wákàtí mẹ́fà ààbọ̀, ẹ ti balẹ̀, ẹ ti ń tò sórí láìnì. Salvador ńkọ́? Tẹ́ ẹ bá rí tíkẹ́ẹ̀tì tó gbé yín débẹ̀ láàrín wákàtí mẹ́rìnlélógún kẹ́ ẹ dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run, ọ̀pọ̀ nínú wọn á lé ní ọgbọ̀n wákàtí dáadáa. Ohun tó ń bí mi nínú nìyẹn, òun ni mo sì fẹ́ sọ lónìí. Bí ìlú kan ṣe jìnnà sí ìkejì, ọwọ́ ẹni tó ní bàálù ló wà, ibi tó bá wù ú ló ń gbé e gbà, tiwa kọ́ ló sì ń rò.

Bí ọ̀rọ̀ yìí ṣe wọ̀ mí lórí nìyí o. Ilé wa ò jìnnà sí Òkè Ìtasẹ̀, níbi tí tẹ́ńpìlì Ifá wà. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ mọ Ifẹ̀ á mọ̀ pé tó bá ti di ìbẹ̀rẹ̀ oṣù kẹfà, tí ọdún Ifá àgbáyé bá ti kù dẹ̀dẹ̀, àlejò á bẹ̀rẹ̀ sí í wọ̀lú, láti Amẹ́ríkà, Cuba, Trinidad, Brazil, gbogbo wọn nínú aṣọ funfun, òtẹ́ẹ̀lì á kún, àwọn onílé náà á wá máa gbálẹ̀ yàrá tí wọn ò lò látọdún èṣí. Màámi máa ń gba àlejò. Lọ́dún tí mò ń sọ yìí, ìyálórìṣà kan láti Salvador ló wọ̀ sọ́dọ̀ wa, àgbàlagbà tó ti lé lọ́gọ́ta ọdún. Alẹ́ ti lẹ́ gan-an kí mọ́tò tó gbé wọn dé. Mo jáde lọ gbẹ́rù, mo rí i pé bàtà wọn wà lọ́wọ́, ẹsẹ̀ wọn ti wú títí dé ọrùn ẹsẹ̀, ojú ibi tí okùn bàtà ti fún un ṣì pọ́n yí i po. Wọ́n fẹ́ kúnlẹ̀ kí Màámi, Màámi yáa dì wọ́n mú, "Rárá o, rárá o, ẹ jókòó jàre, ẹ kú ìrìn, ẹ kú ewu ọ̀nà." Omi lílọ́ wọ́ọ́rọ́ àti iyọ̀ nínú báàfù ni Màámi kọ́kọ́ gbé wá, ti oúnjẹ ṣẹ̀yìn.

Wọn ò gbọ́ Yorùbá ká jọ sọ̀rọ̀, orin òrìṣà nìkan ni wọ́n mọ̀, ìyẹn ni wọ́n sì mọ̀ ju èmi tí wọ́n bí s'Ífẹ̀ lọ, kẹ́ ẹ máa bá mi bọ̀. Fóònù ló ń túmọ̀ fún wa, àwọn á sọ Potogí sí i, á bu gẹ̀ẹ́sì jáde, èmi á wá sọ ọ́ fún Màámi. Màámi ní kí n bi wọ́n pé ọjọ́ wo ni wọ́n ti kúrò nílé. Ọjọ́ Ìṣẹ́gun ni. Ọjọ́bọ̀ sì la wà yìí, alẹ́ Ọjọ́bọ̀. Màámi ní, "Ẹ̀n-ẹ́n? Ṣé ẹsẹ̀ ni wọ́n fi rìn ni?"

Mo gba tíkẹ́ẹ̀tì wọn, mo wò ó. Salvador sí São Paulo, bíi 1,450 kìlómítà, ìyẹn ń lọ sí gúúsù, ẹ̀yìn ni wọ́n kọ́kọ́ fi rìn. Láti São Paulo wọ́n gbé Ethiopian lọ sí Addis Ababa, ìyẹn ń lọ bíi 9,900 kìlómítà. Ẹ gbé máàpù síwájú kẹ́ ẹ wò ó, wọ́n la òkun kọjá, wọ́n gba ìsàlẹ̀ wa lọ́hùn-ún, wọ́n gorí Congo kọjá, wọ́n lọ balẹ̀ sí apá ìlà oòrùn Áfíríkà, wọ́n sùn ibẹ̀ mọ́jú, kí wọ́n tó wá gbé bàálù míì tó dá wọn padà sẹ́yìn sí Lagos, bíi 3,900 kìlómítà. Bí ẹni tó ń ti Iléṣà bọ̀ n'Ífẹ̀, tó wá fò kọjá Ifẹ̀, tó lọ sùn ní Ìkirè, tó wá wọ mọ́tò padà ní àárọ̀ ọjọ́ kejì. Mo ro gbogbo ẹ̀ pọ̀, ó lé ní 15,200 kìlómítà. Ìlọ́po mẹ́ta ojú ọ̀nà tààrà!

Kẹ́ ẹ lè mọ bí 15,200 yẹn ṣe tó, ọ̀nà bàálù tó gùn jù láyé lónìí láìbalẹ̀ ni èyí tí Singapore Airlines ń fò láàrín Singapore àti New York, bíi 15,300 kìlómítà ni, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó wákàtí mọ́kàndínlógún. Wọ́n ní láti ṣe Airbus kan lọ́tọ̀ fún un, tó lè gba epo ju ti àwọn ẹgbẹ́ ẹ̀ lọ. Ìyá yìí fò tó ìyẹn, nítorí àtisọdá òkun kan ṣoṣo.

Ọmọ ẹ̀gbọ́n mi ní gílóòbù kan tí wọ́n ní kó rà fún iléèwé, èyí tí ò tóbi ju orí ọmọ ọwọ́ lọ. Láàárọ̀ ọjọ́ kejì mo mú òwú dúdú tí Màámi fi ń ránṣọ, mo fi orí ẹ̀ kan tẹ Lagos, mo fà á tán-ín lọ sí London, mo fi ẹ̀kánná di ibi tó dé mú. Mo wá yí òwú náà sí apá òsì, sí Brazil, láìjẹ́ kí ọwọ́ mi yẹ̀. Ó bọ́ sínú òkun létí Salvador gan-an, àlàfo tó kù ò tó ìdajì ìbú ẹ̀kánná. Ìyá náà ní kí n tún un ṣe. Mo tún un ṣe. Wọ́n gba òwú lọ́wọ́ mi, wọ́n ṣe é fúnra wọn, wọ́n sọ nǹkan kan ní Potogí tí fóònù ò rí túmọ̀, ó jọ èébú.

Kí ló wá dé tí gbogbo wa fi ń rò pé London ló súnmọ́? Ọ̀kan nínú ẹ̀ ni aago. Lagos àti London fẹ́rẹ̀ẹ́ wà lórí ìlà kan náà láti òkè délẹ̀, nítorí náà aago wọn àti tiwa ń rìn pọ̀, nígbà ẹ̀ẹ̀rùn wọn kò síyàtọ̀ rárá, nígbà òtútù wákàtí kan péré ni wọ́n fi wà lẹ́yìn wa. Èèyàn á wọ bàálù lálẹ́, á sùn, á jí sí London, ara ò ní mọ̀ pé òun ti kúrò nílé àfi òtútù tó bá gbá a lójú. Salvador ti yàtọ̀, wákàtí mẹ́rin ni wọ́n fi wà lẹ́yìn wa jálẹ̀ ọdún, Brazil ò yí aago mọ́ láti 2019. Tẹ́ ẹ bá pè wọ́n láago mẹ́jọ àárọ̀ yín, aago mẹ́rin ìdájí lẹ fi jí wọn. Ara máa ń ka ìyẹn sí jíjìnnà, ọ̀tọ̀ sì ni, bàálù tó fò wákàtí mẹ́fà ààbọ̀ sókè àti èyí tó fò wákàtí mẹ́fà ààbọ̀ sí ẹ̀gbẹ́, epo kan náà ni wọ́n jó.

Máàpù ara ògiri náà ò lè bá wa tún un ṣe. Máàpù pẹlẹbẹ máa ń fa nǹkan gùn bó bá ṣe ń lọ sókè, ibi tó wà láàrín ayé bíi tiwa ló máa ń fún pọ̀. Ẹni tó bá fi rúlà wọn máàpù, rúlà ló ń tàn án. Ayé rí roboto, nítorí náà ọ̀nà tó kúrú jù láàrín ìlú méjì, tẹ́ ẹ bá gbé e sórí máàpù, á tẹ̀ bí ọrun ni. Ẹ wo Lagos sí New York, bíi 8,440 kìlómítà. Lójú máàpù, èèyàn á rò pé bàálù á kàn bọ́ sórí òkun láti Bar Beach, á dojú kọ ìwọ̀ oòrùn. Rárá o. Ọ̀nà tó kúrú jù kọrí sí àríwá ìwọ̀ oòrùn, á gorí Benin, á gorí Burkina Faso, Mali, Mauritania, ó ti fò lórí aṣálẹ̀ fún ìgbà pípẹ́ kó tó rí òkun. Ẹ fa òwú yẹn wò lórí gílóòbù, á yà yín lẹ́nu.

Àwọn páálọ́ọ̀tì ò tiẹ̀ ń fi kìlómítà ka tiwọn. Máìlì ojú òkun ni wọ́n ń lò, ọ̀kan jẹ́ 1.852 kìlómítà, Lagos sí London á wá jẹ́ bíi 2,700.

Ní ti wákàtí, ìṣirò ẹ̀ ò le. Bàálù ńlá, Boeing 777 tàbí Airbus A350, bíi 900 kìlómítà ló ń sá ní wákàtí kan nígbà tó bá ti dé òkè tán, kìlómítà mẹ́wàá sí mọ́kànlá sókè, níbi tí òtútù ìta ti lé ní àádọ́ta lábẹ́ òdo. Ẹ pín 5,085 sí 900, ẹ wá fi bíi ìṣẹ́jú márùndínláàádọ́ta lé e fún gígùnkè, sísọ̀kalẹ̀ àti gbogbo yíyí kiri nílẹ̀. Wákàtí mẹ́fà àti ààbọ̀ náà ló máa bọ́ sí, ẹ jẹ́ ká ní méje kí ẹnikẹ́ni má bá mi jà. Ìyá yìí ì bá jẹun àárọ̀ ní Salvador, kí wọ́n wà ní Ìkẹjà lálẹ́ ọjọ́ yẹn kan náà.

Ó kù ọ̀rọ̀ atẹ́gùn. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ti lọ sí Amẹ́ríkà á ti ṣàkíyèsí pé àlọ máa ń gùn ju àbọ̀ lọ, Lagos sí New York á ń lọ bíi wákàtí mọ́kànlá, àbọ̀ á wá dín. Afẹ́fẹ́ líle kan wà lókè yẹn tó ń fẹ́ láti ìwọ̀ oòrùn sí ìlà oòrùn, nígbà míì á lé ní 300 kìlómítà ní wákàtí kan, bàálù tó bá dojú kọ ọ́ á máa jìyà, èyí tó bá kọ ẹ̀yìn sí i, ó ti rí ẹni tì í. Ní oṣù kejì 2020, nígbà tí ìjì Ciara ń jà, bàálù British Airways kan ti New York dé Heathrow láàrín wákàtí mẹ́rin àti ìṣẹ́jú mẹ́rìndínlọ́gọ́ta, ìrìn tó máa ń tó wákàtí mẹ́fà ààbọ̀ sí méje! Àmọ́ afẹ́fẹ́ yìí, òkè lọ́hùn-ún àti ìsàlẹ̀ lọ́hùn-ún ló ń gbé, kì í fi bẹ́ẹ̀ dé àárín ayé tí Lagos àti Salvador wà. Ìyẹn ni pé tí bàálù bá ń fò láàrín ìlú méjì yìí, àlọ àti àbọ̀ ò ní fi bẹ́ẹ̀ yàtọ̀ síra. Ọ̀nà tó rọrùn ni, tí kò sẹ́ni tó ń gbà á.

Ẹ jẹ́ n padà sórí tíkẹ́ẹ̀tì ìyá yẹn, nítorí ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ èèyàn ti máa ń ṣì í kà. Aago tó wà lórí tíkẹ́ẹ̀tì, aago ìlú tẹ́ ẹ wà ni. São Paulo, aago méjì òru ọjọ́ Ọjọ́rú ni bàálù gbéra. Addis, aago mẹ́jọ alẹ́ Ọjọ́rú ló balẹ̀. Ẹni tó bá kàn yọ méjì kúrò nínú ogún á ní wákàtí méjìdínlógún ni wọ́n fò. Wákàtí méjìlá ni. Mẹ́fà yòókù, ìyàtọ̀ aago Brazil àti ti Ethiopia ló jẹ ẹ́. Bẹ́ẹ̀ náà ni láàárọ̀ ọjọ́ kejì, Addis aago mẹ́sàn-án, Lagos aago méjìlá ọ̀sán, á dà bíi wákàtí mẹ́ta, wákàtí márùn-ún sì ni, torí pé Addis fi méjì ṣáájú wa. (Àwọn ará Ethiopia fúnra wọn tún ní aago tiwọn o, láti ìgbà tí ilẹ̀ bá ti mọ́ ni wọ́n ti ń kà á, aago mẹ́sàn-án àárọ̀ wa ni wọ́n ń pè ní aago mẹ́ta, inú mi dùn pé wọn ò gbé ìyẹn sórí tíkẹ́ẹ̀tì.) Tẹ́ ẹ bá fẹ́ mọ òótọ́, ẹ yí gbogbo aago padà sí ti Nàìjíríà kẹ́ ẹ tó yọ ọ̀kan nínú èkejì. Mo ṣe é fún ìyá náà: Ìṣẹ́gun, aago méje ìrọ̀lẹ́ ní Salvador, aago mọ́kànlá alẹ́ wa nìyẹn. Títí di ọ̀sán Ọjọ́bọ̀, wákàtí mẹ́tàdínlógójì. Nínú ẹ̀, wọn ò fi bẹ́ẹ̀ ju ogún lọ lókè, gbogbo ìyókù, ìjókòó àti ìsùn ni.

Ẹ ò tíì gbọ́ èyí tó dùn ún jù. Ọ̀sán gangan ni bàálù balẹ̀ n'Ìkẹjà. Alẹ́ aago mẹ́wàá ni wọ́n kan ilẹ̀kùn wa. Ẹrù ò tètè jáde, awakọ̀ tó wá gbé wọn ní òun ń dúró de èrò kan sí i, wọ́n dé Kara, tírélà kan ti dùbúlẹ̀ sójú ọ̀nà, nígbà tí wọ́n fi máa kúrò ní Ìbàfò ilẹ̀ ti ń ṣú, wọ́n wá yà jẹun n'Íbàdàn, Aṣéjìrè, Ìkirè, Gbọ̀ngán, ẹ̀yin náà mọ ọ̀nà. Kò ju igba kìlómítà ó lé díẹ̀ lọ o! Wákàtí tí wọ́n lò láti Ìkẹjà dé Ifẹ̀ ju èyí tí bàálù ì bá fi gbé wọn láti Salvador dé Lagos tààrà lọ. Nígbà tí mo ṣe ìṣirò yẹn fún Màámi, wọ́n kàn ní "Kúkú sọ pé Ọ̀yìnbó ti ṣe tiẹ̀ tán, ó ku tiwa."

Mi ò gbà fún wọn tán síbẹ̀. Torí pé ọ̀nà tààrà láàrín wa àti Bahia, ó ti wà rí. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ka ìtàn mọ èyí tó burú nínú ẹ̀, bí ọkọ̀ ojú omi ṣe ń kó àwọn èèyàn wa láti Ouidah, Àgbádárìgì àti Èkó lọ sí Salvador, oṣù kan tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ lójú omi, wọn ò gba ibì kankan kọjá, tààrà ni. Àwọn ọmọ Yorùbá tó jẹ́ Mùsùlùmí ló pọ̀ jù nínú àwọn tó dìde ìjà ní Salvador yẹn ní oṣù kìíní 1835. Lẹ́yìn náà, àwọn kan bẹ̀rẹ̀ sí í padà wálé, àwọn ni wọ́n dá Pópó Àgùdà sílẹ̀ ní Èkó, wọ́n mú iṣẹ́ bíríkìlà àti káfíńtà bọ̀. Ní gbogbo ìgbà yẹn, ọkọ̀ ojú omi ń lọ ó ń bọ̀ láàrín Èkó àti Bahia, obì, epo pupa, ọṣẹ dúdú, aṣọ òfì ni wọ́n ń kó lọ, tábà àti ọtí ni wọ́n ń kó bọ̀. Brazil ò fòpin sí oko ẹrú títí di ọjọ́ 13 oṣù karùn-ún 1888, òwò obì àti epo pupa yìí sì ti wà fún ìgbà pípẹ́ nígbà yẹn. Obì rọ́kọ̀ tààrà wọ̀ nígbà náà lọ́hùn-ún, èèyàn ò rí bàálù tààrà wọ̀ lónìí.

Bàálù tó ń sọdá òkun yẹn gan-an kì í sì ṣe nǹkan tuntun. Ibi tí Áfíríkà àti Brazil ti súnmọ́ra jù ò pé 3,000 kìlómítà. Ní oṣù karùn-ún 1930, ará Faransé kan tó ń jẹ́ Jean Mermoz kó lẹ́tà sínú bàálù tó lè balẹ̀ sórí omi, ó gbéra ní Saint-Louis ní Senegal, bíi wákàtí mọ́kànlélógún ló fi dé Natal ní Brazil. Nígbà ogun àgbáyé kejì, Natal yìí kan náà ni Amẹ́ríkà fi ṣe ibùdó, bàálù ogun wọn á kúrò níbẹ̀, á yà sí erékùṣù Ascension láàrín òkun, á dé Accra, á gba Kano àti Maiduguri lọ sí Khartoum títí dé Egypt. Ìgbà tí wọ́n bá fẹ́ jagun, ọ̀nà ò jìn.

Ẹ ẹ̀ ní gbà mí gbọ́ tí mo bá ní bàálù ń ti Brazil wá bá wa títí di ìsinsìnyí. Embraer 195-E2 tí Air Peace fi ń gbé èèyàn lọ s'Ábújá, São José dos Campos ní ìpínlẹ̀ São Paulo ni wọ́n ti ṣe é. Tẹ́ ẹ bá ti wọ ọ̀kan rí, ohun tẹ́ ẹ jókòó lé yẹn ti sọdá òkun tẹ́lẹ̀ láìsí èrò nínú ẹ̀.

Kí ló wá fà á? Owó ni, owó àti físà. Ilé iṣẹ́ bàálù kì í fo ọ̀nà nítorí pé ó kúrú, èrò tó máa kún un lójoojúmọ́ ni wọ́n ń wá, pàápàá àwọn èrò iwájú tó ń san owó ńlá. Lagos sí London ní oníṣòwò, ọmọ iléèwé, olóṣèlú, ìyá ọlọ́mọ tó ń lọ wẹ ọmọ fún ọmọ ẹ̀, ojoojúmọ́ ló ń kún. Bahia ní babaláwo, ìyálórìṣà, ọ̀jọ̀gbọ́n yunifásítì díẹ̀, àti lóṣù kẹfà nìkan. Mi ò lè bá wọn jiyàn lórí ìyẹn, àmọ́ mo mọ̀ pé èrò náà ò lè pọ̀ nígbà tí ìrìn bá ń gba ọjọ́ mẹ́ta. Ní oṣù kẹjọ 2025 tí Ààrẹ Tinubu lọ sí Brasília, wọ́n buwọ́ lùwé àdéhùn bàálù láàrín orílẹ̀-èdè méjèèjì, Air Peace ni wọ́n ní kó máa fò láti Lagos sí São Paulo. Ìyẹn á ń lọ bíi 6,350 kìlómítà, wákàtí mẹ́jọ tàbí kó lé díẹ̀, lẹ́yìn náà ni wákàtí méjì ààbọ̀ míì sí Salvador. Kì í ṣe Bahia tààrà, àmọ́ ẹ fi wé mẹ́tàdínlógójì kẹ́ ẹ rí i. Ìwé àdéhùn kì í gbé èèyàn fò ṣá.

Ní báyìí, ẹ̀yin tẹ́ ẹ bá fẹ́ lọ, tàbí tẹ́ ẹ ní àlejò tó ń bọ̀, bó ṣe rí lójú mi nìyí. Tẹ́ ẹ bá wo máàpù nìkan, Luanda ló dáa jù: Salvador sí São Paulo, São Paulo sí Luanda bíi 6,500, Luanda sí Lagos bíi 2,000, gbogbo ẹ̀ ò ju bíi 10,000 kìlómítà lọ. Johannesburg á gbé e sí bíi 13,400. Ti Europe ń kọ́? Salvador ní bàálù tó ń lọ Lisbon tààrà, bíi 6,500 kìlómítà, wákàtí mẹ́jọ ni, ará Brazil á kàn rìn wọ ibẹ̀ fàlàlà. Àwa ńkọ́? Páálí Nàìjíríà wà lára àwọn tí Europe ní ó gbọ́dọ̀ gba físà kó tó lè jókòó sí pápákọ̀ wọn de bàálù míì, bẹ́ ò tiẹ̀ ní jáde síta, àfi tẹ́ ẹ bá ti ní ti Amẹ́ríkà tàbí irú bẹ́ẹ̀ lọ́wọ́. Nítorí náà ìlú méjì kan náà, òkun kan náà, ìyá yẹn lè gba Lisbon lọ sílé, èmi ò lè gba ibẹ̀ lọ kí wọn. Jíjìnnà tiwọn àti tèmi ò dọ́gba. Àwọn tó bá ń gba Addis, ẹ rí i pé ẹ bi wọ́n kí ẹ tó sanwó bóyá wọ́n máa fún yín ní òtẹ́ẹ̀lì mọ́jú, kẹ́ ẹ sì rí i pé Lagos ni wọ́n kọ mọ́ ẹrù yín láti ìbẹ̀rẹ̀, torí ẹrù tó bá dúró sí São Paulo, ẹ̀yin lẹ máa pè é lórí fóònù títí.

Ìyá náà ti ránṣẹ́ pé àwọn ń bọ̀ lọ́dún tó ń bọ̀, àwọn márùn-ún ni wọ́n máa jẹ́ lọ́tẹ̀ yìí. Mo fi ìṣirò Luanda ránṣẹ́ sí wọn, inú wọn dùn, wọ́n lọ bèèrè iye. Ó wọ́n ju Addis lọ. Addis náà ni wọ́n ń gbà bọ̀, kìlómítà 15,200 ó lé yẹn náà. Ohun tí mo wá bá wọn ṣe ni pé mo ti gba yàrá sílẹ̀ fún wọn n'Ìkẹjà, kí wọ́n balẹ̀, kí wọ́n sùn, kí mọ́tò tó gbéra láago mẹ́fà àárọ̀ ọjọ́ kejì, àti pé awakọ̀ tí mo bá sọ̀rọ̀, mo ti sọ fún un pé kò gbọdọ̀ dúró de èrò kankan.